Ẹ̀tọ́ Òṣìṣẹ́ Tí Wọ́n Gbaṣẹ́ Lọ́wọ́ Rẹ̀: Òfin Ló Ti Wá, àbí Àdéhùn?

Òṣìṣẹ́ méjì lè gba lẹ́tà ìdádúró lọ́jọ́ kan náà ní Nàìjíríà, kí ilé-ẹjọ́ dá ọ̀kan padà sẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú gbogbo owó oṣù tó ti sọnù, kí èkejì má sì rí ju owó oṣù kan gbà. Kì í ṣe pé iṣẹ́ ọ̀kan dára ju ti èkejì lọ. Ohun tí adájọ́ kọ́kọ́ ń wò ni ibi tí ojúṣe agbanisíṣẹ́ ti ṣẹ̀: ṣé òfin ìlú ló dì í lé e lórí, àbí àdéhùn tí òun àti òṣìṣẹ́ jọ tọwọ́ bọ̀?

Ìbéèrè nípa ibi tí ojúṣe ti ń ṣẹ̀ ti pẹ́ nílẹ̀. Gaius, amòfin ará Róòmù tó kọ̀wé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejì Sànmánì Kristi, pín ojúṣe sí èyí tó ti inú àdéhùn wá àti èyí tó ti inú àìdáa tí ẹnì kan ṣe sí ẹlòmíì wá. Ní Nàìjíríà, ẹjọ́ iṣẹ́ ìjọba ló jẹ́ kí ìyàtọ̀ òfin sí àdéhùn hàn gbangba.

Lọ́dún 1981, Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ gbọ́ ẹjọ́ Shitta-Bey, agbẹjọ́rò ní Ilé-iṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ tó ń rí sí ètò ìdájọ́, ẹni tí wọ́n ní kó fẹ̀yìn tì kí àkókò rẹ̀ tó tó. Àwọn adájọ́ ní ìlànà iṣẹ́ ọba lágbára òfin, kì í ṣe ìlànà inú ilé lásán. Ẹni tí ìlànà bẹ́ẹ̀ bò, ọ̀gá kan kò lè dìde ní ọjọ́ tó wù ú kó lé e lọ. Wọ́n pàṣẹ pé kó padà sí ipò rẹ̀.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni ẹjọ́ Olaniyan àti àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí Yunifásítì Èkó yọ níṣẹ́ dé, ibẹ̀ gan-an ni òfin àti àdéhùn ti kọjú síra wọn. Yunifásítì di ìwé ìgbanisíṣẹ́ mú, èyí tó fàyè gba kí ẹgbẹ́ kan fún èkejì ní nótíìsì kí oníkálùkù sì máa lọ. Àwọn olùkọ́ di òfin tó dá Yunifásítì Èkó sílẹ̀ lọ́dún 1967 mú. Abala 17 rẹ̀ ní bí ìgbìmọ̀ olùdarí bá fẹ́ yọ olùkọ́ nítorí ìwà àìtọ́, kí wọ́n sọ ẹ̀sùn fún un, kí wọ́n jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ wí tẹnu rẹ̀, bó bá sì bèèrè, kí wọ́n yan ìgbìmọ̀ tí yóò wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ilé-ẹjọ́ ní nótíìsì inú àdéhùn kò lè fo abala yìí kọjá. Ìyọníṣẹ́ náà di asán. Láti ìgbà náà ni ẹjọ́ yìí ti di òpó tí àwọn agbẹjọ́rò òṣìṣẹ́ ń fẹ̀yìn tì.

Ìdí rèé tí olùkọ́ 49 tí Yunifásítì Ìlọrin yọ lọ́dún 2001 fi jàre ní 2009. Márùn-ún kọ́kọ́ borí ní oṣù Kẹfà, àwọn 44 tó kù tẹ̀ lé e ní oṣù Kejìlá. Ọdún mẹ́jọ gbáko ni!

Àmọ́ kí òfin dá ibi iṣẹ́ sílẹ̀ kò túmọ̀ sí pé òfin ló gba gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ síṣẹ́. Nínú ẹjọ́ Fakuade lọ́dún 1993, ilé-ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni agbanisíṣẹ́, òfin ló sì dá a sílẹ̀. Síbẹ̀ Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ ló so ẹgbẹ́ méjèèjì pọ̀. Lọ́dún kan náà, nínú ẹjọ́ Chukwumah àti Shell, wọ́n tún tẹnu mọ́ ọn pé ilé-ẹjọ́ kì í fi òṣìṣẹ́ lé ọ̀gá tí kò fẹ́ ẹ lọ́rùn. Owó àsìkò nótíìsì ni òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ aládàáni sábà máa ń gbà, ì báà ti lo ogún ọdún níbẹ̀. Èyí kò tẹ́ òǹkọ̀wé yìí lọ́rùn rárá, nítorí ebi tó ń pa ọmọ akọ̀wé báńkì kò yàtọ̀ sí èyí tó ń pa ọmọ olùkọ́ yunifásítì.

Kì í ṣe pé òfin ti iléeṣẹ́ aládàáni sẹ́yìn pátápátá. Òfin Iṣẹ́ ní kí akọ̀wé tàbí lébìrà tó ti lo ọdún márùn-ún gba nótíìsì oṣù kan ó kéré tán. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 ní kí iléeṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 15 sókè máa san ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù, kí òṣìṣẹ́ san 8. Kódà bí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ kò bá sọ ọ́, ọ̀ranyàn ni.

Àtúnṣe Kẹta sí òfin orílẹ̀-èdè, lọ́dún 2010, fún Ilé-ẹjọ́ Òṣìṣẹ́ lágbára láti wo ìlànà tó dára jù lágbàáyé. Lọ́dún 2015, nínú ẹjọ́ Aloysius àti Diamond Bank, ilé-ẹjọ́ náà sọ pé kò bójú mu mọ́ kí ọ̀gá lé òṣìṣẹ́ láìsọ ìdí. Ìlànà àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tó béèrè fún ìdí bẹ́ẹ̀ ni Nọ́ḿbà 158, Nàìjíríà kò sì tíì fọwọ́ sí i. Títí ìjọba yóò fi fọwọ́ sí i, tí àwọn aṣòfin yóò sì kọ ọ́ sínú Òfin Iṣẹ́ tí ìjọba ológun ti ṣe sílẹ̀, ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ adájọ́ tí òṣìṣẹ́ bá bá pàdé. Iṣẹ́ ìjọba àti àwọn aṣòfin Àbújá nìyí, kí wọ́n má fi falẹ̀ mọ́.