Asọ̀rọ̀mágbèsì àti Àwọn Agbábọ́ọ̀lù Ìbàdàn

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Òwe yìí ni mo fẹ́ kí a fi wo ìtàn àwọn tí ń fi bọ́ọ̀lù jẹun ní Ìbàdàn, àti ohun tí ìwé ìròyìn òun rédíò ti fi ojú wọn rí.

Ìlú jagunjagun ni Ìbàdàn. Ní ayé ogun, bí ológun bá ṣẹ́gun bọ̀, ìlù a máa kì í wọ ìlú. Bí ó bá sá bọ̀, orin èébú ni yóò pàdé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ológun ní onílù tirẹ̀ nínú agboolé. Bí wọ́n bá bú u, ìlù rẹ̀ a fèsì. Agbábọ́ọ̀lù kò ní irú onílù bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì kò ṣì í pè rárá.

Ní 1976, ẹgbẹ́ Shooting Stars, tí à ń pè ní IICC nígbà náà, na Tonnerre ti Yaoundé ní 4-1 ní Ìbàdàn. Bí wọ́n tilẹ̀ pàdánù ní 1-0 ní Kamẹrúùnù, àwọn ni wọ́n gba ife àwọn aborí-ife ilẹ̀ Áfíríkà, ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ láti Nàìjíríà tí ó gba irú ife bẹ́ẹ̀. Oríkì ni wọ́n ń gbọ́ ní ayé ìgbà náà. Ernest Okonkwo, tí ń ròyìn bọ́ọ̀lù lórí rédíò, sọ Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ní "Mathematical", ó sì sọ Felix Owólabí ní "Owoblow". Láti Ọjà'ba dé Màpó, orúkọ wọ̀nyí di ti ìlú.

Ọdún 1984 dé. Shooting Stars bá Zamalek ti Íjíbítì pàdé ní àṣekágbá ìdíje àwọn aborí ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n pàdánù ní 2-0 ní Kairo, wọ́n tún pàdánù ní 1-0 ní Èkó. Oríkì di èébú. Nígbà tí ìbínú pọ̀, Gómìnà ológun Ọládayọ̀ Pópóọlá pàṣẹ pé kí wọ́n tú ẹgbẹ́ náà ká.

Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò. Àwọn wọ̀nyí kan náà ni ẹgbẹ́ tí ó gba ife líìgì Nàìjíríà ní 1983. Nínú gbogbo ẹgbẹ́ Áfíríkà ní 1984, ẹyọ kan ṣoṣo ni ó ta wọ́n yọ. Rashidi Yẹkíní wà lára wọn. Ní 1993, òun ni wọ́n yàn ní agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù lọ ní Áfíríkà. Ní 1994, òun ni ó gbá góòlù àkọ́kọ́ Nàìjíríà wọlé nínú ìdíje ife àgbáyé. Ṣé irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni ọ̀lẹ?

N kò sọ pé kí akọ̀ròyìn máa pọ́n ẹni tí kò ṣe dáadáa. Òótọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òótọ́ tí a gé sí méjì ti di irọ́, bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ ọmọ ẹlòmíràn sì wà lábẹ́ gègé rẹ̀.

Ọdẹ́gbàmí fúnra rẹ̀ mú gègé nígbà tí ó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn. Ó ti di onílù ara rẹ̀. Àwa tí a ń kọ́ èdè níhìn-ín, iṣẹ́ wa ni láti ṣe onílù fún àwọn tí kò lè kọ ti wọn, kí ìtàn lè gbọ́ ẹnu ẹnì kejì.