Ìbéèrè Tí Ó Bá Èdè Mu: Wíwọn Ìrẹ̀wẹ̀sì Ọkàn ní Ilẹ̀ Gánà

Àwọn àgbà a máa wí pé ẹni tí ó bá ń béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n bí abèèrè bá dúró sí ẹnu ọ̀nà tí kì í ṣe ti ilé tí ó ń wá, tàbí bí ó bá fi èdè tí onílé kò gbọ́ béèrè, ìdáhùn tí yóò gbà lè mú un ṣìnà púpọ̀. Báyìí ni ó rí fún àwọn oníṣègùn tí ó kọ́kọ́ fẹ́ mọ irú àìsàn ọpọlọ tí ń bẹ ní Gold Coast, ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà láti 1957.

Ní 1888 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin nípa àwọn asínwín, wọ́n sì kó wọn sí ilé ẹjọ́ àtijọ́ kan ní Victoriaborg, ní Àkrà. Ní 1906 ni wọ́n parí ọgbà tuntun, èyí tí ó di ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ìlú náà lẹ́yìn náà. Ta ni a ń mú lọ sí irú ọgbà bẹ́ẹ̀? Ẹni tí ń jà ní ọjà ni, tàbí ẹni tí ń rìn ní ìhòòhò ní ìgboro. Obìnrin tí ó jókòó sí kọ̀rọ̀ yàrá, tí kò rí oorun sùn, tí oúnjẹ kò wù ú, tí ó sì ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi, kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ọlọ́pàá kò ní í wá mú un. Nítorí náà, àwọn oníṣègùn tí ń ka iye àwọn aláìsàn inú ọgbà rí asínwín púpọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò rí oníbànújẹ́. Ní 1953, J. C. Carothers, tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn wèrè ní Kẹ́ńyà, kọ ìwé kan fún Àjọ Ìlera Àgbáyé, ó sì sọ nínú rẹ̀ pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ènìyàn dúdú. Ọ̀rọ̀ ńlá ni èyí, àfi bí ẹni pé ọkàn aláwọ̀ dúdú kò jinlẹ̀ tó láti gba ìbànújẹ́.

Ẹni tí ó yí ọ̀rọ̀ náà padà ni Margaret Field. Obìnrin Gẹ̀ẹ́sì yìí ti ṣe olùkọ́ ní Achimota, ní Àkrà, ó sì ti kọ ìwé lórí ẹ̀sìn àti ìṣègùn àwọn ará Gã ní 1937. Lẹ́yìn èyí ni ó lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn. Nígbà tí ó padà dé ní àwọn ọdún 1950, kò jókòó sí ilé ìwòsàn. Ojúbọ òrìṣà ní àwọn abúlé Àṣáńtì ni ó lọ, níbi tí àwọn ènìyàn ń gbé ìṣòro wọn wá. Ibẹ̀ ni ó ti bá àwọn obìnrin tí ń jẹ́wọ́ fúnra wọn, láìsí ẹni tí ó fẹ̀sùn kàn wọ́n, pé àjẹ́ ni àwọn. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1960, ó fi hàn pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni ó ń ṣe púpọ̀ nínú wọn. Àìsàn náà ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Àwọn tí ń wá a ni wọ́n ń kan ilẹ̀kùn tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ọ̀ràn ẹnu ọ̀nà nìyí. Ti èdè ṣì kù. Ní 1961, Adéoyè Lambo ti ilé ìwòsàn Arọ̀ àti Alexander Leighton ti Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí ní Abẹ́òkúta àti àwọn abúlé agbègbè rẹ̀. Wọ́n rí i pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó dúró fún àìsàn yìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tú u sí wẹ́wẹ́, tí wọ́n béèrè nípa àìsùn, ẹkún, àárẹ̀ àti àìlèjẹun, àwọn ènìyàn mọ̀ wọ́n dáadáa. Ṣáájú èyí, ní 1960, Raymond Prince ti kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí orí wọn ń gbóná, tí nǹkan ń rìn wọ́n lórí, tí wọ́n ń kàwé tí kò yé wọn. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni ó ti rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Òǹkọ̀wé ìbéèrè ní ìlú òyìnbó kò ní rántí láti béèrè bóyá nǹkan ń rìn ènìyàn lórí.

Ìwé ìbéèrè tí a fi ń wọn àìsàn wọ̀nyí rọrùn láti wò: a ó fún ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní iye, a ó ro wọ́n pọ̀, bí àròpọ̀ bá sì dé ibì kan, a ó fura sí àìsàn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ó le. Ìwé kan wà tí a ṣe ní Edinburgh ní 1987 fún àwọn ìyá ọmọ tuntun. Nínú rẹ̀ ni a ti ń béèrè bóyá wàhálà ti wọ ìyá náà lọ́rùn. Bí Gẹ̀ẹ́sì sì ti ń sọ ọ́ ni pé nǹkan ń gun òun lórí. Bí a bá túmọ̀ èyí ní olówuuru fún obìnrin Yorùbá, yóò rò pé a ń béèrè bóyá òrìṣà ń gùn ún ni.

Nítorí náà ni wọ́n fi ń fún ẹlòmíràn ní ìtumọ̀ náà kí ó dá a padà sí èdè àkọ́kọ́, kí a lè rí ibi tí ó ti yà. Lẹ́yìn èyí, oníṣègùn yóò bá àwọn tí ó dáhùn sọ̀rọ̀ pẹ́, láti mọ̀ bóyá ìwé náà rí ohun tí òun rí. Kóńgò kan náà kọ́ ni gbogbo ọjà ń lò; iye tí ó fi àìsàn hàn ní Edinburgh lè máà fi í hàn ní Gánà. Ní Kintampo, wọ́n fi ìwé mẹ́ta wéra báyìí láàárín àwọn ìyá ọmọ tuntun, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2009. Èyí tí ó ní ìbéèrè mẹ́sàn-án ni ó ṣe dáadáa jù, ó ta ti Edinburgh yọ.

Ní 2012, ìwádìí mìíràn jáde láti Àkrà fúnra rẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi ìbéèrè mẹ́fà wá ìdààmú ọkàn àwọn obìnrin ìgboro, kì í ṣe ti àwọn tí ọlọ́pàá mú. Gã, Twi, Ewe àti Hausa ni a ń gbọ́ ní ìlú náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní bí ó ti ń sọ ìbànújẹ́. Bí ìtumọ̀ bá ṣì, a ó pe ẹni tí ara rẹ̀ le ní aláìsàn, a ó sì fi aláìsàn sílẹ̀ ní kọ̀rọ̀ yàrá rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ó kọ́ ọgbà Àkrà ní 1906 ti fi í sílẹ̀.