Kékeré ni a ti ń Pa Ẹ̀ka Ìrókò: Ìtàn Ìwádìí lórí Jẹjẹrẹ Ẹnu Ilé-Ọmọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní láti kékeré ni a ti ń pa ẹ̀ka ìrókò; bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà. Ó ṣòro láti rí àrùn tí òwe yìí bá mu tó jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ. Ẹnu ilé-ọmọ ni ọ̀nà tóóró tí ilé-ọmọ gbà ṣí sí ojú ara obìnrin. Jẹjẹrẹ tí í máa mú ibẹ̀ kì í dé lójijì. Láti ìgbà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn ẹyọ kéékèèké tí a fi mọ ara ẹ̀dá, bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, ó sábà máa ń tó ọdún 10, ó sì lè tó 20, kí ó tó di jẹjẹrẹ pọ́ńbélé. Ní gbogbo àkókò yìí, ìrora kì í sábà sí, ẹ̀jẹ̀ kì í sì í sábà jáde. Ìtàn ìwádìí lórí àrùn yìí ni ìtàn bí àwọn oníṣègùn ṣe ṣàwárí pé irú àyè bẹ́ẹ̀ wà. Òun náà sì ni ìtàn bí púpọ̀ nínú àyè náà ṣe ṣòfò.

Ní ọdún 1842, dókítà ará Ítálì kan, Domenico Rigoni-Stern, gbé àyẹ̀wò kan jáde lórí ìwé àkọsílẹ̀ àwọn tí ó kú ní ìlú Verona láti ọdún 1760 títí dé 1839. Ó rí i pé jẹjẹrẹ ilé-ọmọ kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn sísítà ìjọ Àgùdà, tí wọ́n ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn kò ní lọ́kọ, bí ó ti wọ́pọ̀ láàárín àwọn abilékọ. Èyí tọ́ka sí i pé ohun kan ń bẹ nínú ìbálòpọ̀ ọkùnrin àti obìnrin tí ó ń gbin irúgbìn àrùn náà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó mọ ohun náà nígbà yẹn. Ó ku nǹkan bí ọdún 140 kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́.

Kí ọwọ́ tó tẹ okùnfà àrùn, ìtọ́jú rẹ̀ ni àwọn oníṣègùn dojú kọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1898, Ernst Wertheim bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ńlá kan ní ìlú Vienna, nínú èyí tí ó ti ń gé ilé-ọmọ kúrò pẹ̀lú ẹran tí ó yí i ká àti àwọn kókó tí àrùn náà máa ń gbà tàn kálẹ̀. Àwọn tí iṣẹ́ abẹ náà kọ́kọ́ gbẹ̀mí wọn pọ̀. Àmọ́ Wertheim ń tún un ṣe, nígbà tí ó sì fi di ọdún 1911, ó ti kọ ìwé lórí 500 irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1898 kan náà ni Marie Curie àti Pierre ọkọ rẹ̀ ṣàwárí rédíọ̀mù ní Paris. Kò sì pẹ́ tí àwọn dókítà fi ń gbé rédíọ̀mù sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ilé-ọmọ, kí ìtànṣán rẹ̀ lè run jẹjẹrẹ náà. Ọ̀bẹ àti ìtànṣán gba ẹ̀mí àwọn kan là. Síbẹ̀, ìrókò tí ó ti dàgbà ni àwọn méjèèjì ń bá jà, nítorí kí obìnrin tó gbéra lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ̀jẹ̀ ti ń dà, òórùn sì ti ń jáde.

Ta ni yóò wá rí ẹ̀ka náà nígbà tí ó ṣì tútù? Ní ìlú Hamburg lọ́dún 1925, Hans Hinselmann, ará Jámánì, ṣe awò kan tí ó ń mú kí ẹnu ilé-ọmọ tóbi lójú ẹni tí ń wò ó. Lẹ́yìn rẹ̀, Walter Schiller ní Vienna fi áyódìnì kun ibẹ̀: ibi tí ara ti dá gba aró náà, ó sì ṣú, ibi tí ara kò ti dá kò gbà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin tí ó pọ̀ jù lọ ni George Papanicolaou.

Erékùṣù Euboea ní ilẹ̀ Gíríìsì ni wọ́n ti bí Papanicolaou lọ́dún 1883. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Athens, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Munich, ó sì dé New York lọ́dún 1913 pẹ̀lú Andromachi aya rẹ̀. Iṣẹ́ títa kápẹ́ẹ̀tì ni ó kọ́kọ́ fi bọ́ra, kí ó tó rí iṣẹ́ ìwádìí ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Cornell. Níbẹ̀ ni ó ti ń fi maikirosíkóòpù yẹ omi ojú ara àwọn ẹranko kékeré kan, tí wọ́n dàbí eku aláìnírù, wò láti mọ ìgbà tí ẹyin wọn ń gbó. Nígbà tí ó fẹ́ mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni ọ̀ràn rí lára ènìyàn, aya rẹ̀ ni ó fi ara rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó sì fi gbà kí a máa yẹ òun wò. Bí Papanicolaou ti ń fa ìwádìí náà gùn ni ó rí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nínú omi tí a gbà lára obìnrin kan tí ó ní àrùn náà. A kò gé obìnrin náà lẹ́ran rárá. Sẹ́ẹ̀lì tí ó ti re kúrò lára rẹ̀ ni ó tú àṣírí.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1928, ó ka ìwé lórí àwárí yìí níbi ìpàdé kan ní Battle Creek, ní Ìpínlẹ̀ Michigan. Àwọn tí ó gbọ́ ọ kò kà á sí. Ní ìlú Bucharest, Aurel Babeș ti fi irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ hàn lọ́dún 1927, láìjẹ́ pé èkínní mọ̀ nípa èkejì. Òun náà kò rí ẹni bá a gbé e. Ó ti mọ́ àwọn onímọ̀ àrùn lára kí wọ́n gé ègé ẹran wò kí wọ́n tó pe nǹkan ní jẹjẹrẹ, wọn kò sì gbà pé sẹ́ẹ̀lì tí ó ti já bọ́ lè jẹ́rìí. Ó di ọdún 1941 kí Papanicolaou àti Herbert Traut, tí í ṣe oníṣègùn àrùn obìnrin, tó gbé ẹ̀rí tí kò ṣe é já ní koro jáde. Ìwé ńlá wọn tẹ̀ lé e lọ́dún 1943. Ọdún 13 gbáko ti lọ.

Nígbà tí a gbà á tán, èso rẹ̀ hàn. Ìpínlẹ̀ British Columbia ní Kánádà bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àwọn obìnrin wò lọ́dún 1949. Ní Finland, láti àwọn ọdún 1960, ìwé ni wọ́n ń fi pe àwọn obìnrin wá fún àyẹ̀wò, láìdúró dìgbà tí ara yóò fi ni wọ́n. Iye àwọn tí àrùn náà ń pa níbẹ̀ lọ sílẹ̀ ju ìdajì lọ.

Síbẹ̀, ibi tí ohun èlò àti ìmọ̀ wà náà ni àyè tún ti ṣòfò. Ní Ilé Ìwòsàn National Women's ní Auckland, lórílẹ̀-èdè New Zealand, dókítà àgbà kan, Herbert Green, kò gbà pé àyípadà àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí ni ó ń di jẹjẹrẹ. Ní ọdún 1966, àwọn aláṣẹ ibẹ̀ fọwọ́ sí i pé kí ó máa ṣọ́ àwọn obìnrin kan tí àyẹ̀wò ti fi àyípadà náà hàn lára wọn, láìṣe ìtọ́jú tí yóò mú un kúrò. A kò sọ fún àwọn obìnrin náà pé ìwádìí ni a ń fi wọ́n ṣe. William McIndoe, tí ó ń fi awò yẹ wọ́n wò, àti Jock McLean, tí ó ń yẹ ẹran ara wọn wò, kìlọ̀ títí. A kò gbọ́ tiwọn. Ní ọdún 1984, àwọn méjèèjì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ àbájáde rẹ̀ jáde. Nínú obìnrin 817 tí àyẹ̀wò wọn ti padà dára lẹ́yìn ìtọ́jú, 12 ni jẹjẹrẹ mú. Nínú 131 tí àyẹ̀wò wọn kò dára síbẹ̀, 29 ni ó mú. Àìtètè mólè, olè mólóko.

Ọdún 1987 ni ìwé ìròyìn kan tú ọ̀ràn náà síta. Ìjọba yan Adájọ́ Silvia Cartwright láti wádìí rẹ̀. Ìròyìn rẹ̀, tí ó jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 1988, sì fi hàn pé a kò tọ́jú ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin náà bí ó ti yẹ. Láti inú rẹ̀ ni New Zealand ti ṣe òfin tí ó dáàbò bo ẹ̀tọ́ aláìsàn. Ìwádìí mìíràn tí ó jáde lọ́dún 2008 tún fi kún un pé nínú 100 obìnrin tí a kò tọ́jú àyípadà náà lára wọn, nǹkan bí 31 ni jẹjẹrẹ mú láàárín ọdún 30. Nínú 100 tí a tọ́jú dáadáa, kò tó ẹnì kan.

Ní àkókò yìí kan náà ni àdììtú Verona já. Ní àwọn ọdún 1970, herpes ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ rò pé ó ń fa àrùn náà. Harald zur Hausen ní Jámánì sọ pé fáírọ́ọ̀sì mìíràn, HPV, ni. Òun náà kò tètè rí ẹni gbà á gbọ́. Ní ọdún 1983 àti 1984, òun àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ rí HPV 16 àti HPV 18 nínú jẹjẹrẹ náà. Wọ́n bá HPV 18 pàápàá nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tí a gbà lára Henrietta Lacks, obìnrin aláwọ̀ dúdú kan tí jẹjẹrẹ yìí pa ní Baltimore lọ́dún 1951, tí a kò sì tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí a tó gbà wọ́n. Ìbálòpọ̀ ni fáírọ́ọ̀sì náà ń bá wọlé, gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ Rigoni-Stern ti tọ́ka. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ń dènà rẹ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́dún 2006. Zur Hausen sì gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2008.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, a ti ń kọ iye àwọn tí jẹjẹrẹ ń mú sílẹ̀ ní Ìbàdàn láti ọdún 1960, nínú ìwé àkọsílẹ̀ tí ó wà ní ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì. Láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ ti wà lára èyí tí ó pọ̀ jù lọ láàárín àwọn obìnrin. Oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni Nàìjíríà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi abẹ́rẹ́ àjẹsára náà sínú ètò ìjọba, fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14. Ọdún 17 wà láàárín ìwé àṣẹ àkọ́kọ́ àti ọjọ́ náà. Fún àwọn ìyá wọn, tí ọjọ́ abẹ́rẹ́ ti kọjá lórí wọn, ọ̀nà kan wà tí kò béèrè maikirosíkóòpù: nọ́ọ̀sì tí a kọ́ dáadáa lè fi omi kíkan bíi ti fínígà kun ẹnu ilé-ọmọ, ibi tí sẹ́ẹ̀lì bá ti ń yí padà yóò sì funfun láàárín ìṣẹ́jú kan. A lè fi òtútù tàbí ooru pa ibẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ní ọdún 2022, nǹkan bí 350,000 obìnrin ni àrùn yìí pa lágbàáyé, nínú 100 wọn sì ni 94 ti wá láti àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti pinnu lọ́dún 2020 pé nígbà tí ó bá fi di ọdún 2030, kí ọmọbìnrin 90 nínú 100 ti gba abẹ́rẹ́, kí obìnrin 70 nínú 100 ti ṣe àyẹ̀wò, kí a sì tọ́jú 90 nínú 100 àwọn tí a bá bá a lára wọn. Ìmọ̀ tí ó lè ṣe é ti wà nílẹ̀. Ìbéèrè tí ìtàn yìí gbé ka iwájú àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ni èyí: nígbà tí ó jẹ́ pé àrùn náà ń fún obìnrin ní ọdún 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ta ni ó ń jẹ ọdún wọ̀nyẹn mọ́ ọn lọ́wọ́?