Ìrísí Àpáàdì àti Ìtàn Tí A Ń Kà Lára Rẹ̀

Ẹni tí ó bá gba Ìdànrè kọjá ní ìgbà ìkórè kòkó yóò rí ohun kan tí ó ti mọ́ ojú wa lára tó bẹ́ẹ̀ tí a kò kà á sí mọ́. A da kòkó sórí ẹní tàbí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, a sì fi ọwọ́ tàn án ká. Kò sí ẹni tí í to ẹyọ kọ̀ọ̀kan; síbẹ̀, gbogbo wọn ni yóò fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ọ̀kan kì yóò dúró lórí ṣóńṣó rẹ̀, àlàfo tóóró yóò sì wà láàrin wọn tí atẹ́gùn ń gbà. Ìrísí ẹyọ kòkó ni ó pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Ká ní róbótó ni bí ọta, yóò yí lọ ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a ń kọ́ ìtàn. Àwọn ará Ìdànrè gbà pé láti Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn baba ńlá wọn ti wá, kí wọ́n tó tẹ̀dó sórí òkè àpáta tí wọ́n gbé títí wọ ọ̀rúndún ogún. Ọ̀pọ̀ ìlú ni ó ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀, ohun tí àwọn òpìtàn sì máa ń wá láti fi gbè é lẹ́sẹ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́ tí ó jọ ti Ifẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni ilẹ̀ tí a fi àpáàdì tẹ́. Ìbéèrè mi ni èyí: bí ilẹ̀ méjì bá jọra, ṣé àwọn tí ó tẹ́ wọn ni ó bá ara wọn tan, àbí àpáàdì ni ó jọra?

Ní Ifẹ̀, ìtàn ẹnu fi iṣẹ́ náà fún Lúwo, obìnrin tí ó jẹ Ọọ̀ni. Wọ́n ní ẹrẹ̀ ta sí i láṣọ lọ́jọ́ kan, ó sì pàṣẹ pé kí a tẹ́ ìta gbogbo. Frank Willett wa ilẹ̀ ní Ìta Yemòó láti 1957. Peter Garlake wa ilẹ̀ Ọbàlárá àti ti Wóyè Àṣírí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ ni pé a kò fi àpáàdì lélẹ̀ pẹlẹbẹ. A gbé e dúró lórí etí rẹ̀, ìlà tẹ̀lé ìlà. Níbòmíràn, ìlà kan fì sí ọ̀tún, èkejì fì sí òsì, gbogbo rẹ̀ sì rí bí egungun ẹja. A tún rí òkúta wẹ́wẹ́ funfun tí a tò mọ́ ọn.

Ẹ mú àfọ́kù ìkòkò kan lọ́wọ́, ẹ ó rí i pé ọ̀nà tí ó lè gbà jókòó kò pọ̀. Ìkòkò tẹ̀ kọrọdọ, nítorí náà àfọ́kù rẹ̀ kì í jókòó dáadáa. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́, á mì, á sì fọ́. Bí a bá gbé e dúró, ó le, ṣùgbọ́n kò lè dá dúró: èkejì ni yóò gbè é. Níbẹ̀ ni ìlà ti bẹ̀rẹ̀. Bí gbogbo ìlà bá fì sí ìhà kan náà, wọ́n lè jùmọ̀ dà. Bí èkejì bá fì sí òdì kejì, wọ́n á mú ara wọn. Ti òkúta róbótó yàtọ̀. Mẹ́fà ni yóò yí ọ̀kan ká, ihò yóò sì ṣẹ́ kù bí ó ti wù kí a fún wọn pọ̀ tó. Bí gbogbo wọn tilẹ̀ dọ́gba, nǹkan bí ìdá 91 nínú 100 ni wọ́n lè bò. Amọ̀ ni yóò di ìyókù.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti rí irú rẹ̀ lára ẹyọ tí ojú lásán kò lè rí. Ní 2011, ní Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà, Qian Chen, Sung Chul Bae àti Steve Granick da ẹyọ róbótó wẹ́wẹ́ sínú omi, wọ́n ti fi ohun tí ó kórìíra omi kun orí àti ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni, àwọn ẹyọ náà to ara wọn sí ìpele kan ṣoṣo tí ó kún fún ihò onígun mẹ́fà, bí agbọ̀n tí a hun ní ojú gbàgàdà. Ní 2019, Carina Karner, Christoph Dellago àti Emanuela Bianchi ní Vienna fi kọ̀ǹpútà yẹ ẹyọ pẹlẹbẹ tí ó rí bí ojú àwọ̀n tí a fà gùn wò. Bí wọ́n ti ń sún ibi tí ó ń lẹ̀ mọ́ra lórí etí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìpele tí kò ní ihò ń di oníhò.

Lóòótọ́, àpáàdì kò rìn fúnra rẹ̀ lọ sí Ìta Yemòó. Ọwọ́ ènìyàn ni ó tò ó. Ṣùgbọ́n ọwọ́ náà kò ní òmìnira tó bí a ti rò. Graham Connah bá ilẹ̀ àpáàdì ní ìlú Bìní ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ìlú tí ààfin rẹ̀ ní ìtàn Ifẹ̀. Ó tún bá a ní Daima nítòsí Adágún Chad, níbi tí a kò ti gbọ́ pé ọmọ Odùduwà ni ó tẹ̀dó. Ó wà ní Tógò pẹ̀lú. Ní tèmi, àpáàdì tí a gbé dúró lórí etí nìkan kò tó ẹ̀rí ìbátan, nítorí ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ìkòkò fífọ́ àti ẹrẹ̀ ní iwájú ilé lè débẹ̀. Ohun tí ìrísí kò fi dandan lé ni lọ́wọ́ ni kí a wá. Kò sí ohun tí ó mú òkúta funfun dé àárín àpáàdì ju pé ẹnìkan fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.

Bákan náà, bí awalẹ̀pìtàn kò bá bá ilẹ̀ àpáàdì lórí Òkè Ìdànrè, èyí kò sọ ìtàn wọn di irọ́. Àpáta ni ilẹ̀ wọn níbẹ̀. Kí ni ẹnikẹ́ni yóò máa tẹ́ àpáàdì sórí àpáta fún? Ẹni tí ó bá fẹ́ yẹ ìtàn náà wò yóò wá ẹ̀rí lọ sí ibòmíràn: sínú adé tí wọ́n ní ti Odùduwà ni, sínú oríkì ìdílé, àti sínú ẹ̀ka èdè wọn tí ó bá ti Oǹdó tan.