Ìwádìí bárakú oògùn olóró nípasẹ̀ ìhùwàsí ẹranko

Ìwádìí bárakú oògùn olóró nípasẹ̀ ìhùwàsí ẹranko jẹ́ ẹ̀ka ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń wo ìṣesí ẹranko, pàápàá eku àti ọ̀bọ, láti mọ ohun tó ń mú kí oògùn di bárakú fún ènìyàn. Kò bá ìwà ọmọlúàbí mu láti fún ẹni tí kò lo oògùn olóró rí ní oògùn náà kí a lè wo ibi tí yóò gbé e dé. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń lo ẹranko.

Ìtàn

Ní ọdún 1940, S. D. S. Spragg tẹ ìwádìí rẹ̀ lórí àwọn ìnàkí tó ti mọ́ lára láti máa gba abẹ́rẹ́ mọ́fínì jáde. Bí wọ́n bá pẹ́ láì gbà á, àpótí tí abẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ń yàn, wọ́n a sì fi èyí tí èso wà nínú rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọdún 1954, James Olds àti Peter Milner ní Yunifásítì McGill, Kánádà, ṣàwárí pé eku a máa tẹ ọ̀pá kékeré léraléra kí iná mànàmáná díẹ̀ lè kan apá kan nínú ọpọlọ rẹ̀. Ní ọdún 1962, James Weeks fi hàn pé eku lè máa tẹ ọ̀pá bẹ́ẹ̀ láti fún ara rẹ̀ ní mọ́fínì.

Ọ̀nà ìwádìí

- Ìfúnra-ẹni-lóògùn: ẹranko tẹ ọ̀pá, oògùn sì wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.
- Yíyan ibùgbé: eku gba oògùn nínú yàrá kan, omi iyọ̀ lásán nínú èkejì, lẹ́yìn náà ni a wo yàrá tó fẹ́ràn jù.
- Ìpadàsídìí oògùn: lẹ́yìn tí ẹranko ti jáwọ́, a wò ó bóyá ìnira tàbí àmì tó rán an létí oògùn yóò mú un padà.

Àbájáde

Ní ọdún 2004, àwọn onímọ̀ ní Bordeaux, ilẹ̀ Faransé, ròyìn pé nínú àwọn eku tó ti ń fún ara wọn ní kokéènì fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta, ìdá 17 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló ní gbogbo àmì bárakú mẹ́ta tí wọ́n ń wá: wọn kò yéé wá oògùn nígbà tí kò sí, wọ́n ṣe làálàá púpọ̀ nítorí rẹ̀, wọn kò sì jáwọ́ bí ìyà tilẹ̀ ń jẹ wọ́n. Ṣáájú èyí, Bruce Alexander ní Kánádà ti rí i ní ìparí àwọn ọdún 1970 pé àwọn eku tó ń gbé pọ̀ nínú ọgbà gbígbòòrò mu omi mọ́fínì kéré sí àwọn tó dá wà nínú àgò. Àwọn mìíràn tó tún ìwádìí náà ṣe kò rí èsì kan náà nígbà gbogbo.

Ní Nàìjíríà

Ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, àwọn onímọ̀ nípa oògùn ń fi eku wo bí oògùn ṣe ń yí ìṣesí padà. Ní ọdún 1994, Ajayi àti Ukponmwan tẹ ìwádìí kan jáde lórí bí àwọn èròjà inú ara tó jọ mọ́fínì ṣe kan nínàró tí eku máa ń nàró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ní ibi tí kò dé rí.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwùjọ gbọ̀ngbọ̀n. Ìwádìí ìjọba àti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó dá lórí ọdún 2017 fojú bù ú pé mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan. Ẹkùn Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn ló sì ga jù, pẹ̀lú ìdá 22.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018, ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe àti kíkó oògùn ikọ́ olómi tó ní kodéènì wọlé.

Ààlà

Eku kì í ṣe ènìyàn: kò mọ ìtìjú, àìríṣẹ́ṣe tàbí òfin. Síbẹ̀, irú ìwádìí yìí ti ràn wá lọ́wọ́ láti mọ̀ pé bárakú kì í ṣe ìwà burúkú lásán, pé ó kan ọpọlọ àti àyíká, ó sì yẹ fún ìtọ́jú. Láti ọdún 1959 ni Russell àti Burch ti dábàá pé kí a fi ohun mìíràn rọ́pò ẹranko níbi tó bá ṣeé ṣe, kí a dín iye wọn kù, kí a sì dín ìrora wọn kù.