Gíga Ẹ̀yìn Alùpùpù: Ta Ni Wọ́n Rò Pé Yóò Jókòó Lẹ́yìn?

 

Ìtàn ọba àti ìtàn ogun la sábà máa ń sọ. Lónìí, ìtàn irin ni. Bí ẹ bá dúró lẹ́bàá ọ̀nà tó ti Igólò wá sí Àjàṣẹ́, ẹ ó rí alùpùpù tí ẹ̀yìn rẹ̀ ga ju iwájú lọ, bí àgbò tó fẹ́ kàn. Ẹ ó rí òmíràn tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti wolẹ̀, tí iná iwájú rẹ̀ ń wo ojú ọ̀run. Ohun kan náà ló fa méjèèjì: amọ́tísọ̀, èyí tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní ṣọ́kì. Ta ló kọ́kọ́ rò ó pé ó yẹ kí ènìyàn lè tún ẹ̀yìn alùpùpù ṣe gẹ́gẹ́ bí ẹrù rẹ̀ bá ṣe rí? Ẹrù ta ló sì ní lọ́kàn?

Alùpùpù àkọ́kọ́ kò ní amọ́tísọ̀ rárá. Ní 1885, Gottlieb Daimler àti Wilhelm Maybach ṣe alùpùpù oní-pẹtiróòlù kan ní Jámánì. Igi ni egungun rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ńṣe ni wọ́n ń de ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mọ́ egungun alùpùpù gbọn-in. Sípíríǹgì tó wà lábẹ́ àga nìkan ló ń gba ìbàdí ènìyàn sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ Indian ní Amẹ́ríkà gbìyànjú ní 1913 láti fi sípíríǹgì sí ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n kò tàn kálẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Philip Vincent bẹ̀rẹ̀ sí í fi sí gbogbo alùpùpù tirẹ̀ láti 1928. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ kò gbà á gbọ́. Wọ́n ní ẹsẹ̀ tó ń lọ sókè sódò yóò mú kí alùpùpù máa ta gọ́ọ́gọ̀ọ́. Àwọn alùpùpù ńlá Harley-Davidson pàápàá kò ní sípíríǹgì lẹ́yìn títí di 1958.

Nígbà tí sípíríǹgì wá fìdí múlẹ̀, wàhálà mìíràn dé. Ẹni tó wọn kílò 70 ń dá gun alùpùpù lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀. Nírọ̀lẹ́, ó gbé ìyàwó rẹ̀ sẹ́yìn, ẹrù náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Sípíríǹgì tó le tó fún ènìyàn méjì yóò máa ju ẹnì kan ṣoṣo sókè. Èyí tó rọ̀ fún ẹnì kan yóò wolẹ̀ lábẹ́ ènìyàn méjì.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà yanjú rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ti ilé iṣẹ́ Velocette ní ìlú Birmingham. Wọ́n gbẹ́ ojú ihò gígùn tó tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́ síbi tí orí amọ́tísọ̀ ti so mọ́ egungun alùpùpù. Bí awakọ̀ bá dá lọ, yóò tú bóòtù, yóò sì fa orí amọ́tísọ̀ síwájú kí ó lè dùbúlẹ̀ díẹ̀. Bí ó bá gbé ènìyàn, yóò tì í sẹ́yìn kí ó lè nàró. Amọ́tísọ̀ tó nàró máa ń ti ẹrù lẹ́yìn ju èyí tó dùbúlẹ̀ lọ. Gíga ẹ̀yìn kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Agbára rẹ̀ gan-an ló yí padà.

Ọ̀nà kejì ni èyí tí gbogbo wa mọ̀: òrùka tí a gé létí bí àtẹ̀gùn, tó wà nísàlẹ̀ sípíríǹgì. Bí a bá yí i, yóò gun òkè, yóò sì ti sípíríǹgì sókè. Owó rẹ̀ kéré, ó yá, òun ló sì borí káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: òrùka yìí kò fi agbára kún sípíríǹgì. Ó kàn dá ẹ̀yìn alùpùpù padà sí gíga tó wà kí ẹrù tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni. Bí sípíríǹgì ṣe le tó lánàá, bẹ́ẹ̀ náà ló le lónìí.

Ibí ni ìtàn náà ti wọ ilé wa. Kẹ̀kẹ́ ológeere ló kọ́kọ́ ń gbé èrò àti ẹrù ní Àjàṣẹ́ kí alùpùpù tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ajé Bẹ̀nẹ̀ dojú rú ní ìparí àwọn ọdún 1980, tí òṣìṣẹ́ ìjọba ń ṣiṣẹ́ oṣù púpọ̀ láìrí owó gbà, ọ̀pọ̀ ènìyàn, títí kan àwọn tó ka ìwé gboyè, di zémìjàn. Àpérò gbogbo orílẹ̀-èdè tó wáyé ní oṣù kejì 1990 bá wọn lójú ọ̀nà. Àwọn alùpùpù kéékèèké láti Japan ni wọ́n ń gùn, irú èyí tí wọ́n ṣe fún awakọ̀ kan àti èrò kan. Lẹ́yìn ènìyàn kan yẹn, a kó àpò àgbàdo, agbọ̀n adìẹ àti ìyálọ́jà pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn rẹ̀ lé e.

Lẹ́yìn náà ni kpayó, epo tó ń ti Nàìjíríà wọlé. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Lítà epo kan wọn nǹkan bíi kílò 0.75. Bídọ́ọ̀nù lítà 25 mẹ́jọ jẹ́ lítà 200, ìyẹn kílò 150. Àgbà ènìyàn méjì ló jókòó lẹ́yìn yẹn, láì tíì ka awakọ̀. Òrùka alátẹ̀gùn kò lè dáhùn èyí. Nítorí náà, wọ́n ń fi sípíríǹgì tó le sí i, wọ́n sì ń fi gígé páìpù tàbí rọ́bà há abẹ́ rẹ̀ kí ẹ̀yìn lè ga. Ọgbọ́n ni, kò sí ẹni tó lè sọ pé kì í ṣe ọgbọ́n. Oúnjẹ ọmọ ló kọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n gíga ní owó orí tirẹ̀. Lórí alùpùpù tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fi 1,250 mm jìnnà síra, bí ẹ bá gbé ẹ̀yìn sókè ní 25 mm, gbogbo ara rẹ̀ ti dorí kọ iwájú ju digiri 1 lọ. Ọwọ́ rẹ̀ yóò fúyẹ́, yóò sì máa gbọ̀n lórí eré. Bí ẹ̀yìn bá sì wolẹ̀, iwájú yóò fúyẹ́, bíréèkì iwájú kò ní di ilẹ̀ mú dáadáa, iná yóò sì máa fọ́ ojú ẹni tó ń bọ̀. Sípíríǹgì tuntun kò sọ bíréèkì di tuntun. Kò fi agbára kún táyà. Ẹ̀yìn tó ga kàn ń fi ẹrù náà pa mọ́ fún ojú ni.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ ní gáráàjì, ẹ lè fi téèpù wọ̀n ọ́n. Ẹ gbé alùpùpù dúró kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn má kan ilẹ̀, kí ẹ wọn láti àárín ẹsẹ̀ náà dé ibi kan lábẹ́ àga. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí awakọ̀ gùn ún pẹ̀lú ẹrù tó máa ń gbé, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Ìyàtọ̀ méjèèjì yẹ kí ó wà láàárín ìdá mẹ́rin sí ìdá mẹ́ta gbogbo ìrìn amọ́tísọ̀ náà. Bí ìrìn rẹ̀ bá jẹ́ 90 mm, kí ó wolẹ̀ ní nǹkan bíi 22 sí 30 mm. Kí ẹ yí òrùka ọ̀tún àti ti òsì sí àtẹ̀gùn kan náà. Nígbà tí ẹrù bá kúrò, kí ẹ dá a padà.

Bí òrùka bá ti dé òkè pátápátá tí ẹ̀yìn ṣì wolẹ̀, irin ti sọ tirẹ̀: ẹ sọ ẹrù kalẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ tún alùpùpù zémìjàn àkọ́kọ́ ṣe ní ìlú yín, ẹ kọ orúkọ tí ẹ ń pe òrùka yìí sílẹ̀ fún wa, àti ọgbọ́n tí ẹ fi gbé ẹ̀yìn ró. Ìtàn wa náà ni.