Tàdáwà Olóòfà: Ìtàn Bí Ẹ̀rọ Ṣe Bẹ̀rẹ̀ sí Í Ka Ìwé Sọ̀wédowó

Ní ọdún 1950, iṣẹ́ ti fẹ́ bo Bank of America mọ́lẹ̀ ní ìpínlẹ̀ California. Àkáǹtì tuntun tí wọ́n ń ṣí lóṣooṣù tó nǹkan bí 23,000, ọwọ́ sì ni àwọn akọ̀wé fi ń ṣa ìwé sọ̀wédowó. Agogo méjì ọ̀sán ni wọ́n ti ń ti ilẹ̀kùn kí iṣẹ́ ọjọ́ náà lè parí. Orúkọ oníbàárà ni wọ́n fi ń to àkáǹtì. Bí ẹni tuntun bá wọlé sáàárín, ètò àwọn yòókù yóò yẹ̀.

Báńkì náà gbé ìṣòro yìí lọ sí Stanford Research Institute. Àwọn onímọ̀ ibẹ̀ ṣe ẹ̀rọ ERMA, tí wọ́n fi han aráyé ní 1955. General Electric ni ó ṣe èyí tí báńkì náà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1959. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀rọ tó lè ṣiṣẹ́ rárá, orúkọ ní láti fi ipò sílẹ̀ fún nọ́ḿbà. Ibí yìí ni nọ́ḿbà àkáǹtì ti di dandan fún oníbàárà.

Báwo ni ẹ̀rọ yóò ṣe dá nọ́ḿbà mọ̀ lára ìwé tí wọ́n ti lu òǹtẹ̀ mọ́, tí gègé sì ti kọjá lórí rẹ̀? Kenneth Eldredge àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo tàdáwà tí a po èròjà irin mọ́. Bí ìwé bá ń kọjá, ẹ̀rọ yóò kọ́kọ́ fi agbára òòfà sí tàdáwà náà lára, yóò sì gba ìgbì iná tí nọ́ḿbà kọ̀ọ̀kan ń fà. Tàdáwà òǹtẹ̀ kò ní òòfà, nítorí náà kò dí i lọ́wọ́. Ìgbì wọ̀nyí kò gbọdọ̀ jọra. Ìdí nìyí tí apá kan nọ́ḿbà fi nípọn tí apá kejì sì tẹ́ẹ́rẹ́.

Ìrísí tí Amẹ́ríkà gbà ni E-13B: nọ́ḿbà 10 àti àmì 4. E ni àwòṣe karùn-ún, B ni àtúnṣe kejì rẹ̀, 13 sì dúró fún ìdá 13 nínú 1,000 íǹsì, tí í ṣe ìwọ̀n tí wọ́n fi ya á. Faransé àti Brazil yan CMC-7 ní tiwọn.

Èdè-ìperí ni ó kù tí olùkọ́ Yorùbá ní láti bá jà. ‘Kà’ nínú Yorùbá jẹ́ ti ìwé àti ti owó, ẹ̀rọ yìí kò sì ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì: kò rí nọ́ḿbà, ipa òòfà ni ó ń tọ̀. ‘Ẹ̀rọ atọpa-òòfà’ sún mọ́ òtítọ́ ju ‘òǹkàwé’ lọ.

Àṣìṣe tí ó léwu jù wà níbòmíràn. Lẹ́yìn tí ètò fífi ẹ̀rọ ṣe pàṣípààrọ̀ sọ̀wédowó bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní 2002, ètò mìíràn dé sí Èkó ní 2012: ìwé yóò dúró sí báńkì tí ó kọ́kọ́ gbà á, àwòrán rẹ̀ àti nọ́ḿbà ìsàlẹ̀ rẹ̀ nìkan ni yóò rìn. Ẹni tí ó bá pe èyí ní ‘dídá sọ̀wédowó dúró’ ti sọ ohun mìíràn, nítorí èyí ni àṣẹ tí oníbàárà ń pa pé kí báńkì má ṣe sanwó. ‘Gígé ìrìnàjò sọ̀wédowó kúrú’ gùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò ní í ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà.